Ẹja Ni Tàbí Àkàn?

Àwọn àgbà wí pé ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko bàbá ẹnìkan tí ó tó ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe fún àgbàlagbà ẹni ọdún 53, tí ewú ti gba orí rẹ̀, tí ó dé oko olóko tán, tí ó sì dúró láàrin ebè tí ó ń kọ́ olóko bí a ti ń kọ ebè. Èmi ni àgbàlagbà náà. Oko tí mo ń wí kì í ṣe oko iṣu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oko ẹ̀gẹ́: òkun Àtìláńtíìkì ni, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, olóko rẹ̀ sì ni ẹja kan tí n óò kì láìpẹ́. Mo pinnu láti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́, nítorí pé ìyàwó mi ti ròyìn ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìdajì tí kò dára ni ó sì ròyìn. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ìdajì tí ó kù, èyí tí ó burú jù ú lọ.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ọmọ Ẹ̀bẹ̀dí, ọmọ ìlú aláṣọ òfì, níbi tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun yóò kọ́kọ́ di ẹrù ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, odò tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ewúrẹ́ lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ̀ kan àti ekòló mẹ́ta ni gbogbo ohun èlò mi, ẹja tí mo bá sì mú kò tó ohun tí í mú ọbẹ̀ ta sánsán. Lẹ́yìn tí mo dé Amẹ́ríkà tí mo fìdí kalẹ̀ sí ìlú Worcester ni ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi mú mi lọ sí odò Swift, omi tútù mímọ́ gaara tí ń ṣàn jáde lábẹ́ dáàmù Winsor, láti inú adágún Quabbin tí àwọn ará Boston ń mu omi rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ mi ní ìpẹja àwọn ọlọ́lá. A kì í lo ekòló, a kì í lo ẹran. Ìyẹ́ àkùkọ díẹ̀ àti irun ẹranko ni a ń fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, títí yóò fi jọ eṣinṣin. Eṣinṣin ayédèrú yìí ni a ó sì fi tan ẹja trout jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kan, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyà mi dúró lé. Eṣinṣin yìí fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí alágbára tí ó lè jù ú lókò; okùn ni ó wúwo, okùn ni a ń jù, okùn ni ó sì ń gbé eṣinṣin lọ. Nítorí náà a óò na ọ̀pá sókè, a óò fì í sẹ́yìn, a óò dúró díẹ̀ kí okùn tẹ́ tán lẹ́yìn wa, a óò fì í síwájú, sẹ́yìn, síwájú, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí eṣinṣin yóò fi bà lé omi bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bí ẹja bá sì fi ẹnu kàn án, wéré ni a gbọ́dọ̀ já ọ̀pá sókè, kí ó tó mọ̀ pé ìyẹ́ adìẹ ni òun ń jẹ. Ahunṣọ ni bàbá mi. Mo ti rí i tí ọ̀kọ̀ òfì ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun sì ń bá àlejò sọ̀rọ̀ láìwo ibi tí ó ń lọ. Ọdún 12 ni mo fi lo ọ̀pá odò títí ọwọ́ tèmi náà fi dà bẹ́ẹ̀, tí kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ orí mọ́. Mo di ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì ń jẹ́. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Èmi mọ ara mi lágbà, mo sì mọ̀ ọ́n jù.

Àbúrò kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ìlàjẹ, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń wọ òkun kí àwọn tèmi tó gbọ́ pé òkun wà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí mo ti ń ròyìn pé mo mú trout mẹ́sàn-án, mo sì dá gbogbo wọn padà sínú omi gẹ́gẹ́ bí òfin apá ibẹ̀ ti wí, ó wò mí títí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹni tí ó lọ sí ìsọ̀ alápatà, tí ó fọwọ́ kan gbogbo ẹran orí àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó wá ní ó dàbọ̀ o, ṣé ọjà ni ẹni yẹn ná?" Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá jẹ́ apẹja lóòótọ́, kí n lọ dúró létí òkun, kí n lọ bá Alábàjà.

Alábàjà ni èmi àti òun sọ ẹja náà. Striped bass ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ara rẹ̀ ń kọ mànà bí fàdákà, ilà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ni olóolà tí ẹnikẹ́ni kò rí sì fà sí i lára, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, wọ́n nà gbọọrọ bí àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá bàbá mi. Alábàjà, ọmọ abàmì tí a bí sínú omi dídùn tí ó lọ dàgbà sínú omi iyọ̀! Àwọn odò tí ń ṣàn wọ Chesapeake, àti odò Hudson, ni ó ti ń pamọ. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, yóò gbéra lọ sí àríwá, yóò máa jẹun létí òkun Massachusetts títí dé Maine. Bí ewé bá ń wọ́, yóò dorí kọ gúúsù, arìnrìn-àjò tí kì í gba físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2011, Greg Myerson mú ọ̀kan ní Connecticut tí ó wọn pọ́n-ùn 81 àti díẹ̀, ó sì fi gba ipò kìn-ín-ní nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ẹja náà níyì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó àkọ́dé ní Massachusetts fi ṣòfin ní 1639 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ajílẹ̀ oko mọ́. Ní 1670 àwọn ará Plymouth sì ya owó tí ń wọlé lórí ìpẹja ní Cape Cod, lórí báàsì àti àwọn ẹja mìíràn, sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹja wo ni yóò rán ọmọ ènìyàn nílé ìwé. N kò mọ̀ pé a ti kọ orúkọ tèmi sílẹ̀.

Mo ra ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Mo ra kẹ̀kẹ́ okùn tí ó tóbi bí orí ọmọ ọwọ́, mo ra ṣòkòtò rọ́bà tí ó ga dé àyà, mo sì ra ẹja onígi kan tí a kùn ní búlúù, tí ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta rọ̀ mọ́ níkùn àti ní ìdí, tí ó wọn áúǹsì 2, tí iye owó rẹ̀ sì mú kí n wo ẹni tí ń tà á lójú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè bóyá kí òun fi bí a ti ń jù ú hàn mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ọmọ mi, ọdún 12 ni mo ti ń pẹja." Ó dákẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi bá gbogbo ẹrù yìí ní pálọ̀, òun náà kò sọ púpọ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni n óò bi yín: ẹja ni tàbí àkàn?"

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, mo dé Plum Island, etíkun oníyanrìn gbọọrọ kan ní àríwá Boston. Bàbá arúgbó òyìnbó kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó, fìlà rẹ̀ ti ṣá, ó sì fi okùn lílẹ̀ gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká; èmi ní tèmi wà nínú ohun tuntun láti òkè dé ilẹ̀, tí páálí iye owó ṣì ń fì nídìí ṣòkòtò mi. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò wá sí mi lọ́kàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo kí bàbá, mo kọjá lára rẹ̀, mo wọ omi dé orúnkún, mo gbé ọ̀pá sókè, ọwọ́ mi kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ orí mi.

Ó fì í sẹ́yìn. Ó dúró díẹ̀ kí okùn tẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, okùn kò tẹ́, nítorí pé létí òkun, ẹja igi ni ó wúwo, òun ni a ń jù, òun ni ó sì ń wọ́ okùn tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ. Ohun gbogbo tí mo mọ̀ ni ó dorí kodò. Áúǹsì 2 igi àti irin já wálẹ̀ lẹ́yìn mi, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sì há mọ́ mi ní ibi tí páálí iye owó wà. Ọwọ́ mi, tí kò tíì gbọ́ ìròyìn, fì í síwájú pẹ̀lú agbára. Mo fi ìwọ̀ ara mi fa ìdí ara mi. Mo ta gìẹ́gìẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbì kan sì wá bá mi parí rẹ̀. Bí a bá ń ka iye ẹja tí apẹja mú ní ọjọ́ náà, èmi ni àkọ́kọ́.

Mo tú ara mi sílẹ̀, mo ní ó yá, a kì yóò fì mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a óò jù ú, tipátipá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu kẹ̀kẹ́ tí ń há okùn mọ́lé: ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣí i, kí a fi ìka kan ṣoṣo di okùn mú, kí a sì tú u sílẹ̀ bí ọ̀pá bá ti bọ́ síwájú. Irú irin bẹ́ẹ̀ kò sí lára kẹ̀kẹ́ odò. N kò ṣí i. Mo fi gbogbo ara jù ú. Nǹkan dún gbàù bí ìbọn ṣakabùlà, okùn já, ẹja igi mi olówó iyebíye sì fò fẹ̀ẹ̀, ó kọjá ìgbì kìn-ín-ní, ó kọjá èkejì, ó kọjá ẹ̀kẹta, láìní okùn lẹ́yìn, ó dorí kọ ilẹ̀ Pọtogí. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Jíjù yẹn dára," ni bàbá arúgbó wí. "Ó kù kí o máa so ó mọ́ okùn."

Mo délé. "Ẹja ni tàbí àkàn?" Mo ní àkàn ni. Ìyàwó mi na ọwọ́, ó ní, "Ó dáa náà. Ẹ gbé àkàn ọ̀hún wá."

Ọlọ́gbọ́n ìbá ti dúró níbẹ̀. Èmi gba Cape Cod Canal lọ, odò tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́, tí a ṣí ní 1914 kí ọkọ̀ má baà máa yí Cape Cod po mọ́. Ó gùn tó máìlì 7, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 480, omi inú rẹ̀ sì ń sá bí olè tí a hó lé lórí. Ní bí wákàtí mẹ́fà síra wọn ni yóò yí padà, tí yóò tún máa sá lọ sí ibi tí ó ti ń sá bọ̀. Ní òwúrọ̀ tí ẹja bá wà, àwọn apẹja a tò sórí òkúta bí onílù ààfin. Ẹni tí ó wà lápá òkè omi yóò jù, ìkejì yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta yóò tẹ̀ lé ìkejì, kí okùn gbogbo wọn lè máa bá omi rìn láìfara kanra. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin yìí sára pátákó. Ní odò Swift, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ débì kan ni ó nibẹ̀, yóò sì jù nígbà tí ó bá wù ú. Mo jù nígbà tí ó wù mí.

Omi gbé okùn mi, ó fi lé aládùúgbò mi lọ́wọ́, aládùúgbò mi fi lé aládùúgbò tirẹ̀ lọ́wọ́, kí n sì tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, mo ti so ọkùnrin márùn-ún pọ̀ láìgba owó orí ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa péjọ yí kókó kan ṣoṣo ká bí àwọn àgbà tí ń yanjú ẹjọ́ ilẹ̀, ẹja sì ń ta lójú omi lẹ́yìn wa, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, pẹ̀lú sùúrù tí ó bà mí lẹ́rù ju èébú lọ, bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ìpẹja. Mo ní lódò. Ó ní, "Padà síbẹ̀."

Ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rin òru. Ẹni a bí ire ni mí, ṣùgbọ́n ìtìjú sọ mí di ìjàkùmọ̀. Òru ni mo padà lọ sí Plum Island, kí ojú má baà rí mi. Ọmọ Ìlàjẹ ti gbà mí nímọ̀ràn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi igi sílẹ̀, ẹ fún ẹja lóúnjẹ." Mo mọ ibi tí oúnjẹ wà. Titus mẹ́ta tí ó tóbi wà nínú fírísà, tí ìyàwó mi rà sílẹ̀ de àwọn ìbejì tí ń bọ̀ láti ilé ìwé. Bí a bá ti ń sọ òtítọ́, Titus yìí, mackerel àwọn òyìnbó, jẹ́ ọ̀kan nínú oúnjẹ tí Alábàjà fẹ́ràn jù. Mo jí ọ̀kan. Mo gé e sí wẹ́wẹ́ márùn-ún. Òfin Massachusetts sì wí pé ẹni tí ó bá fi oúnjẹ wá Alábàjà gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀ roboto tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sínú, kí ó má baà ya ẹja níkùn: bí ẹja bá gbé e, tí ó ń lọ, ìwọ̀ náà yóò yọ̀ wá sí kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, yóò sì há síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù fún apẹja: kí ó má ṣe nǹkan kan.

Mo tan iná orí mi kí n lè rí omi. "Pa iná yẹn, ọ̀rẹ́," ni ohùn kan wí nínú òkùnkùn, "àfi bí o bá fẹ́ kí ẹja mọ ẹni tí ń wá wọn." Bàbá arúgbó ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá," mo pa á, mo sì kẹ̀yìn sí òkun láti so okùn mi. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í kẹ̀yìn sí i. Ìgbì kan gun ẹ̀yìn mi, ó wọ inú ṣòkòtò rọ́bà mi láti òkè, mo sì dúró níbẹ̀ bí àmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi sí.

Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí ó bá ti kan okùn báyìí, ọwọ́ mi a já ọ̀pá sókè wéré, bí ó ti ń ṣe fún trout láti ọdún 12, ìwọ̀ roboto a sì yọ lẹ́nu ẹja bí ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣẹlẹ̀. Mo bá ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. Ó gbọ́, kò gbà. "O ń bọ́ wọn dáadáa," ni bàbá wí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, nǹkan wúwo kan dì mọ́ okùn, kò sáré, kò já, ó kàn ń wọ́. Mo kígbe pé Alábàjà ti dé! Mo kì í láti Chesapeake dé Maine, mo fà á fún ogún ìṣẹ́jú, òógùn bò mí nínú otútù. Nígbà tí ó gúnlẹ̀, ẹja skate ni, ẹja pẹlẹbẹ kan tí ó jọ ẹní tí òjò pa, tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, tí ó sì ń wò mí bí ẹni tí a jí lójú oorun láìnídìí.

Ègé Titus kan ṣoṣo ni ó kù. Bàbá arúgbó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ri òpó ike kan mọ́ yanrìn, ó ki ìdí ọ̀pá mi bọ̀ ọ́, ó ní, "Jókòó. Wá nǹkan mìíràn fún ọwọ́ rẹ ṣe." Àkàrà wà nínú àpò mi. Mo fún un ní méjì, mo mú méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lápá ìlà oòrùn. Mo sọ fún un pé ọdún 12 ni mo ti ń pẹja. Ó jẹ àkàrà rẹ̀ tán kí ó tó dáhùn, ó ní, "Mo rí i. Ọdún 12 ọ̀hún ni kò jẹ́ kí ọ̀pá rẹ sinmi." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju omi òkun lọ, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, kò sí ohun tuntun kan tí ó le fún mi láti kọ́, èyí tí mo ti mọ̀ ni ó jókòó sórí àga, tí kò dìde fún àlejò.

Níbẹ̀ ni ọ̀pá tẹ̀. Ó tẹ̀ wọ̀ọ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn. Ọwọ́ mi dìde láti já a. Àkàrà wà nínú wọn. Kí n tó mọ ibi tí n óò gbé àkàrà sí, kí n tó nu epo, Alábàjà ti gbé Titus lọ sí ibi tí ó wù ú, ìwọ̀ roboto sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìsí èmi níbẹ̀. Mo di ọ̀pá mú, okùn ń sunkún jáde lẹ́nu kẹ̀kẹ́. Ó lọ, mo fà. Ó lọ, mo fà. Ìgbì kan ràn mí lọ́wọ́, ó sì tẹ́ ẹ síwájú mi lórí yanrìn, gbogbo ilà rẹ̀ pé, fàdákà tí a fa àbàjà sí, ó rẹwà ju bí a ti wí fún mi lọ.

Òfin ní kí ẹja tí a óò gbé lọ sílé gùn tó ínǹṣì 28, kí ó má sì tó 31, ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́. Bàbá fa okùn ìwọ̀n yọ. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ ìrù rẹ̀ pé kó na ara rẹ̀ díẹ̀. Ínǹṣì 27 àti ààbọ̀. Mo gbé e wọ omi, mo di ìdí ìrù rẹ̀ mú bí mo ti ń ṣe fún trout, títí ó fi mí dáadáa. Ó gbá omi sí mi lójú, ó sì lọ. Ẹnu mi ni mo gbọ́ tí ó sọ pé, "Ó dàbọ̀ o."

Mo bá ìyàwó mi ní kíṣíìnì, ata ti wà lórí iná. "Bàbá Ìbejì, ẹja ni tàbí àkàn?"

Mo ní, "Ẹja ni! Alábàjà gan-an!"

Ó pàtẹ́wọ́, ó wo ọwọ́ ọ̀tún mi, ó wo òsì. "Ó dà?"

"Ó ti padà sílé rẹ̀."

Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí fírísà kí ata rẹ̀ má baà ṣòfò, ó tẹ̀ ba, ó kà, ó tún un kà, ó wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Titus mi mẹ́ta ni. Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n jọ lọ ni."